ÌYÍPADÀ INÚ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ tí kò lè wá.

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó sọ, àwọn kan nínú yín béèrè lọ́wọ́ wa pé: Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti àṣà Yorùbá, kí ni ó ń wá nínú ọ̀rọ̀ èdè Òyìnbó? Ìdáhùn wa kò gùn. Bí ohun kan bá ń dẹ́rù ba ènìyàn lóru, ohun tí ó yẹ ẹ́ ni kí ó lọ wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó lè mọ̀ bí ẹkùn ni, tàbí kùkùté igi. Ó ti pẹ́ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń dẹ́rù ba àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú wa àti àwọn tí kò lọ. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda yín, a fẹ́ wò ó lójú ọ̀sán lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀. Ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, a pe ìpàdé kan ní ìlú wa nítorí afárá odò kan tí ìlú fẹ́ dáwó tún ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń darí ìpàdé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú gbogbo ẹni tí ó jókòó síbẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Baba kan dìde, àgbẹ̀ oníkòkó ni, ẹni tí ó ti ń gba orí afárá náà lọ sí oko fún ogójì ọdún. Ó bẹ ìpàdé pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí wọ́n dúró di 'next tomorrow', nítorí òun fẹ́ mú àwọn kan lọ wo ibì kan lábẹ́ afárá náà. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín fi bẹ́ sílẹ̀. Akọ̀wé kan ké sí i pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 'the day after tomorrow' ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wí. Baba náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó, kò sì tún la ẹnu mọ́ títí ìpàdé fi túká. Àwa pẹ̀lú wà níbẹ̀, àwa pẹ̀lú sì rẹ́rìn-ín. A fọwọ́ sí ìwé, a tún afárá ṣe, òjò ọdún kejì sì gbé e lọ. Ibi tí ó ti yà gan-an ni ibi tí Baba náà fẹ́ kí a lọ wò. Omi ti jẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé, kí ni ohun tí a tìtorí rẹ̀ pa àgbà lẹ́nu mọ́ yìí? Ṣé òfin tí a gbẹ́ sára òkúta ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ó bá ṣì í ti ba ohun mímọ́ jẹ́? A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn èdè náà láti ọwọ́ àwọn tí ó ni ín, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Caxton. Òun ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní ilẹ̀ England, ní Westminster, ní ọdún 1476. Ní ọdún 1490, ó sọ ìtàn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tí ó tẹ̀. Ó ní àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland ní òkè òkun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò fẹ́, wọ́n sì gúnlẹ̀ láti wá oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé obìnrin kan, ó ní kí ó ta ẹyin fún òun. 'Egges' ni ó pe ẹyin. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ èdè Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun pẹ̀lú kò gbọ́ Faransé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Ẹlòmíràn ni ó wá bá wọn wí i pé 'eyren' ni ó fẹ́, nígbà náà ni obìnrin náà sọ pé ó ti yé òun. Caxton fi ọwọ́ lérán, ó béèrè pé nínú méjèèjì, èwo ni kí ẹni tí ó ń tẹ ìwé kọ? Ẹ gbọ́ bí ó ti parí. 'Eyren' ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn onílé. 'Egg' wá láti ẹnu àwọn ará Denmark àti Norway tí wọ́n gba ojú òkun wá jagun, tí wọ́n sì tẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ àlejò ni ó ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ onílé ti kú. Bí a bá sì bèèrè 'eyren' ní ọjà London lónìí, wọn yóò wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àwọn Faransé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní ọdún 1066, Faransé ni ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ, Látìnì ni àwọn àlùfáà ń kọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di ti àgbẹ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀. Títí di òní, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹran ń jẹ́ nígbà tí ó bá wà nínú pápá: 'cow', 'sheep', 'swine'. Bí ó bá di orí tábìlì, yóò yí orúkọ padà sí ti Faransé: 'beef', 'mutton', 'pork'. Ẹni tí ó ń da ẹran kò gbọ́ èdè ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Ó di ọdún 1362 kí òfin tó jáde pé kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́ ní kóòtù, nítorí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ ohun tí wọ́n ń fi Faransé sọ lé wọn lórí. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: èdè tí a ń bẹ̀rù lónìí yìí, ó ti jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn rí nínú ilé baba rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀, èyí tí ó sún mọ́ wa jùlọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ tí ó bá wí fún bàbá rẹ̀ pé 'Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀' ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìgbátí. 'Ẹ̀yin' ni a ń pe àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní irú àṣà yìí rí. 'Thou' ni wọ́n ń pe ẹnì kan, 'you' sì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n kọ́ ọ lára àwọn Faransé láti máa pe ẹnì kan tí ó lọ́lá ní 'you', wọ́n sì fi 'thou' sílẹ̀ fún ọmọdé, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn onígbàgbọ́ kan tí à ń pè ní Quaker dìde, wọ́n ní gbogbo ènìyàn dọ́gba lójú Ọlọ́run, nítorí náà 'thou' ni àwọn yóò máa pe ọba àti adájọ́. Ìjà ńlá ni ó dá sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Thomas Ellwood, ẹni tí ó padà di ọ̀rẹ́ akéwì nì John Milton, kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti lù ú, tí ó sì halẹ̀ pé òun yóò gbá eyín rẹ̀ wọ ọ̀fun bí ó bá tún fi 'thou' bá òun sọ̀rọ̀. Bàbá Yorùbá wo ni kò ní mọ ohun tí ó ń bí ọkùnrin náà nínú?

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti parí. Bàbá kò borí, ọmọ kò sì borí. 'Thou' kúrò ní ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, àfi ní ìgbèríko díẹ̀. 'You' ni wọ́n ń pe ọba, 'you' ni wọ́n sì ń pe ajá. Nítorí pé 'thou' kù sínú Bíbélì wọn ti ọdún 1611 àti sínú àdúrà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò lónìí pé ọ̀rọ̀ ọlá tí ó ga jùlọ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ọmọ kan ní eyín rẹ̀ ti di aṣọ àlà. Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu jù, nítorí nínú Bíbélì Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, 'Ìwọ' ni a ń pe Ọlọ́run. Àti ní apá kan ilẹ̀ wa, ní ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ọmọ a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka èdè rẹ̀ láìsí àfojúdi kankan. Ọkàn ni ìbọ̀wọ̀ ń gbé. Ọ̀rọ̀ ni aṣọ tí ìran kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ fún un.

Ní gbogbo ìgbà tí ìyípadà wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà wà tí wọ́n ń sunkún. Jonathan Swift, àlùfáà àti òǹkọ̀wé tí a bí ní Dublin, kọ̀wé ní ọdún 1710 láti bú àwọn tí ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Nínú àwọn tí ó kórìíra ni 'mob', èyí tí í ṣe ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ń pariwo. Wọ́n gé e láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì. Ó ní òun ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ pọ̀ ju òun lọ. Ní ọdún 1712, ó kọ ìwé sí Robert Harley, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọba, pé kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò dá èdè Gẹ̀ẹ́sì dúró sójú kan. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ó ń bẹ̀rù pé bí èdè bá ń yí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ kò ní lè ka ohun tí àwọn bàbá wọn kọ. Ọbabìnrin Anne kú ní ọdún 1714, ìjọba yí padà, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí a yàn. 'Mob' ń bẹ nínú ìwé òfin àti ìwé ìròyìn lónìí, kò sì sí ẹni tí ó rántí pé ó ti jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ rí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel Johnson, ẹni tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó ju ọ̀kẹ́ méjì lọ jáde ní ọdún 1755. Ó jẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun lérò pé òun yóò so èdè náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, ó ti rí i pé ìrètí asán ni, nítorí kò sí orílẹ̀-èdè tí ó tíì lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìyípadà. A bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí ju gbogbo wọn lọ, nítorí iṣẹ́ ni ó ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀.

Akéwì Coleridge bínú ní ọdún 1832 sí 'talented', tí í ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀bùn. Ó ní ọ̀rọ̀ burúkú ni, láti Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ sì ti ń wá. Lónìí, olùkọ́ wo ni kò kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò ọmọ rere? Ní Amẹ́ríkà, Noah Webster yọ lẹ́tà kan kúrò nínú 'colour' àti 'honour', ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tirẹ̀ ní ọdún 1828 láti fi hàn pé àwọn ènìyàn òun kò ní máa tọrọ ọ̀nà ìkọ̀wé lọ́wọ́ London títí ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1961, tí ilé-iṣẹ́ tí ó jogún ìwé Webster gbé àtúntẹ̀ ńlá jáde, tí wọ́n sì kọ bí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ láìbá wọn wí, àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà bú sẹ́kún pé èdè ti bàjẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá bú ìwé náà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti ra ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó lè kó o kúrò lọ́jà. Ẹni tí ó yí èdè bàbá rẹ̀ padà lánàá ni ó ń bá ọmọ rẹ̀ jà lónìí.

Ìjà kan tún wà tí ó ń lọ lọ́wọ́ lójú wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 'he' fún ọkùnrin, 'she' fún obìnrin. Bí a kò bá mọ bí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ńkọ́? Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni àwọn ará ìlú ti ń lo 'they', tí í ṣe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, fún ẹnì kan. Àwọn onígírámà kọ̀ ọ́. Òfin kan ní ọdún 1850 tilẹ̀ sọ pé nínú ìwé òfin, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yóò máa dúró fún obìnrin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n 'they' kò kú. Nígbà tí ó di ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Merriam-Webster pè é ní ọ̀rọ̀ ọdún náà, nítorí pé àwọn kan tí kò fẹ́ kí a fi akọ tàbí abo pe àwọn ti gbà á fún ara wọn. Àwọn kan ń yọ̀ sí i, àwọn kan ń bínú, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ ilé ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́. Àwa Yorùbá lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a máa wò wọ́n, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń wí pé 'ó dé', tí a kò sì béèrè bí ọkùnrin ni tàbí obìnrin. 'Wọ́n' pẹ̀lú, a ń lò ó fún ẹnì kan: 'Bàbá ti dé, wọ́n sì ti jẹun.' Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tìtorí rẹ̀ fa aṣọ ya lọ́hùn-ún, ìyá àgbà tí kò mọ ìwé ní ìlú wa ń sọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, gírámà rẹ̀ sì pé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Baba oníkòkó wa. Ní oṣù January ọdún 2020, gbogbo ayé gbọ́ pé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ti gba ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láti ẹnu àwọn ará Nàìjíríà wọlé. 'Danfo' wà níbẹ̀, 'okada' wà níbẹ̀, 'buka' àti 'tokunbo' wà níbẹ̀. Láàrin wọn sì ni 'next tomorrow' jókòó sí pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, a tún gbọ́ pé 'japa', 'agbero', 'eba', 'adire' àti 'abi' ti wọlé tọ̀ wọ́n. Ohun tí ó dùn wá jùlọ ni èyí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀túnla rí. 'Overmorrow' ni, ó sì wà nínú Bíbélì tí Miles Coverdale tẹ̀ ní ọdún 1535. Wọ́n sọ ọ́ nù, wọn kò sì rí òmíràn fi dípò rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ní ọ̀túnla nínú èdè rẹ̀ rí àlàfo náà, ó sì dí i. Baba náà kò ba èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ó bá wọn tún un ṣe ni. Ó ti di olóògbé kí ìròyìn yìí tó dé. Àwa tí a rẹ́rìn-ín ni a kù láti gbọ́ ọ.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò wí pé kí olúkúlùkù máa sọ ohun tí ó bá ti wá sí i lẹ́nu. Ọmọ tí yóò jókòó ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ ìlànà tí àwọn aláyẹ̀wò ń tẹ̀ lé. Agbẹjọ́rò àti oníṣègùn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì, nítorí ẹ̀mí àti ohun ìní wà lọ́wọ́ wọn. Ìlànà wúlò, bí aṣọ òde ti wúlò. Ohun tí a ń wí ni pé ìlànà òní kì í ṣe ìlànà àná, kì yóò sì jẹ́ ti ọ̀la. Nítorí náà, kò tó ohun tí a fi ń wọn ọgbọ́n ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi àwọn àgbà tí ń sunkún ọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín. Ìbànújẹ́ Swift kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ohun kan ni í bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́. Àwa náà ní irú ẹkún bẹ́ẹ̀ láàrin wa: àgbà ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé wọn kò mọ òwe, pé bọ́ọ̀sì, tíṣà àti ṣọ́ọ̀ṣì ti kún inú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà kan náà bá fẹ́ kí ènìyàn, yóò ní, 'Ṣé àlàáfíà ni?' yóò gba àdúrà fún ọmọ rẹ̀, yóò ra àlùbọ́sà lọ́jà, yóò sì ráhùn wàhálà ayé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti ṣẹ̀, tí wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá kọjá sọ́dọ̀ wa. Àlejò ni wọ́n nígbà kan. Lónìí, ta ni yóò lé wọn jáde? Ọ̀nà ìkọ̀wé wa pẹ̀lú ti yí. Àwọn bàbá wa kọ 'aiye' àti 'enia'. Láti ọdún 1974 ni a ti fọwọ́ sí 'ayé' àti 'ènìyàn'. Àwọn kan bínú nígbà náà, ṣùgbọ́n Yorùbá kò kú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Kí ni ó wá ń pa èdè? Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí. A sọ fún yín pé ní ìwọ̀n ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ọba England àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ó kú? Kì í ṣe ìwé, nítorí ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe ìjọba. Àwọn ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kò dákẹ́ sísọ ọ́ sí ọmọ létí, àwọn àgbẹ̀ kò dákẹ́ fífi í pe ara wọn lóko. Ó gba ọ̀rọ̀ àwọn ará Denmark, ó gba ti Faransé, ó gba ti Látìnì. Ó pàdánù 'eyren' àti 'thou' àti 'overmorrow'. Ó yí títí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín kò kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn wa, kì í ṣe ìyípadà ni ó ń pa èdè; ìkọ̀sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dọ́ tí ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù. Ó ń sọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí a sunkún lé lórí ni èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, kì í bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nílé, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún odidi ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba fagi lé e ní oṣù November ọdún 2025. A kò wá síhìn-ín láti bú ìjọba. Ohun tí a ń wí ni pé ìjọba England pàápàá kò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà tí ó wà nínú ìpọ́njú. Ilé ni ó ti rí ìgbàlà.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a fi sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́. Èkíní, kí ẹ̀yin Ìjòyè pàṣẹ pé Yorùbá ni a ó máa fi darí ìpàdé ìlú níbikíbi tí ó bá jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ó jókòó, kí a má baà tún sọ ìmọ̀ràn tí yóò gba ìlú là nù nítorí gírámà. Èkejì, kí olúkúlùkù wa pinnu pé a kò ní rẹ́rìn-ín mọ́ sí ẹni tí ó bá ṣi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ; ohun tí ó ń wí ni kí a fetí sí. Ẹ̀kẹta, kí a ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé oṣooṣù yìí, níbi tí àgbà yóò máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sí, ti àgbẹ̀, ti alágbẹ̀dẹ, ti aláró, ti ọlọ́dẹ, kí wọ́n má baà bá a wọ ilẹ̀ lọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà sì máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ síbẹ̀, kí a yẹ̀ wọ́n wò kí a tó bú wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí a bá ti ṣe èyí, Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ ohun èlò lọ́wọ́ wa, kì yóò sì jẹ́ pàṣán lẹ́yìn wa. Kí Èdùmàrè má jẹ́ kí èdè àwọn bàbá wa dákẹ́ ní ìgbà tiwa. Kí ó sì fún gbogbo wa ní ọ̀la rere, àti ọ̀túnla tí ó dára jù ú lọ.